Òǹtẹ̀ Ara Àpò Kòkó

Ilé iṣẹ́ púpọ̀ ni ó gbé ìwé ẹ̀rí kọ́ ara ògiri lónìí, tí ó ń sọ fún ẹni tí ó bá wọlé pé a ti yẹ iṣẹ́ ibẹ̀ wò, ó sì dára. Ẹni tí ó ni ilé iṣẹ́ náà náwó kí ó tó rí ìwé yìí gbà. Ǹjẹ́ owó náà ń padà wá bá a? Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ti bá a jìjàkadì láti ayé ìjọba àwọn òyìnbó, ìtàn tiwọn ni mo sì fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò.

Ní Agége, níbi tí wọ́n ti dá Ẹgbẹ́ Àwọn Olóko sílẹ̀ ní 1907, tí J. K. Coker sì jẹ́ aṣáájú wọn, ni ọ̀pọ̀ lébìrà ti kọ́ iṣẹ́ kòkó kí wọ́n tó gbé irúgbìn rẹ̀ padà sí ìlú wọn. Òwò náà gbilẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìṣòro kan. Ẹni tí ó bá ra iṣu lọ́jà lè fi ọwọ́ kàn án, kí ó sì bá ẹni tí ó wà á nílẹ̀ wí bí ó bá jẹrà. Ti kòkó kò rí bẹ́ẹ̀. Òkè òkun ni ẹni tí yóò fi ṣe ṣokoléètì wà, kò sì ní í rí àgbẹ̀ náà láéláé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé fún àwọn ọmọdé tí kò dé oko kòkó rí. Bí a bá ti fọ́ èso kòkó tán, a ó kó hóró rẹ̀ jọ ní tútù sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ó sì fi ewé bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ 5 tàbí 6. Yóò gbóná, omi ara rẹ̀ yóò máa ro sílẹ̀, a ó sì máa yí i po. Ibẹ̀ ni adùn ṣokoléètì ti ń bẹ̀rẹ̀. Hóró tí a kò bá bò pẹ́ tó, inú rẹ̀ yóò rí bíi síléètì tí a fi ń kọ̀wé láyé àtijọ́, yóò sì korò. Lẹ́yìn èyí ni sísá sóòrùn, lórí ẹní tàbí pèpéle símẹ́ńtì, títí omi inú rẹ̀ kò fi ní ju nǹkan bí ìdá 7 tàbí 8 nínú 100 lọ. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kòkó náà yóò bu nínú àpò kí ọkọ̀ ojú omi tó gúnlẹ̀.

Ojú kò lè rí gbogbo èyí láti òde. Nítorí náà ni òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń yẹ kòkó wò ṣe ń ti irin ṣóńṣó bọ àpò, tí yóò fa hóró jáde níhìn-ín lọ́hùn-ún, tí yóò ka 300, tí yóò sì fi ọ̀bẹ la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì lóòró. Nínú ìlànà tí àjọ FAO ṣe ètò rẹ̀ ní 1969, kòkó Gírédì Kìíní kò gbọdọ̀ ní èyí tí ó bu ju ìdá 3 nínú 100 lọ. Ìdá 3 náà ni ti èyí tí ó rí bíi síléètì, ìdá 3 sì ni ti èyí tí kòkòrò jẹ, tàbí tí ó ti hù, tàbí tí ó rí pẹlẹbẹ. Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ̀yin ọmọ: hóró 9 péré nínú 300. Bí ìkẹwàá bá bu, Gírédì Kejì ni. Èyí tí ó bá yege, wọn a dí ẹnu àpò rẹ̀, wọn a sì lu òǹtẹ̀ sí i.

Ní 1947 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ tí ń ta kòkó Nàìjíríà sílẹ̀, ìgbìmọ̀ ti Ìwọ̀-Oòrùn sì gba iṣẹ́ náà ní 1954. Iye owó gírédì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, wọ́n sì ń kéde rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Láàárín ọdún díẹ̀, Gírédì Kìíní pọ̀ gidigidi nínú kòkó wa. Èmi kò gbà pé ìwàásù ni ó ṣe é. Wọ́n ti ń wàásù fún àgbẹ̀ tipẹ́tipẹ́ pé kí ó sá kòkó rẹ̀ dáadáa. Ìyàtọ̀ owó ni ó mú un ní sùúrù di ọjọ́ kẹfà.

Ṣùgbọ́n ta ni ó jẹ èrè òǹtẹ̀ náà jù? Ìgbìmọ̀ kì í san gbogbo owó tí kòkó bá pa lókè òkun fún àgbẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ìjọba fi tún ìlú ṣe. Owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, tí wọ́n parí ní 1965. Ní 1968 sí 1969, nígbà tí àwọn Àgbẹ́kọ̀yà dìde, owó kòkó tí kò tó nǹkan wà nínú ẹ̀sùn wọn pẹ̀lú owó orí. Ẹni tí ó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ náà kò kéré: ẹni tí ó lè sọ Kìíní di Kejì lè béèrè ohun tí kò tọ́ sí i, bí òǹtẹ̀ bá sì ti di rírà, kò tún sọ nǹkan kan nípa kòkó mọ́.

Ní 1986 ìjọba àpapọ̀ tú àwọn ìgbìmọ̀ wọ̀nyí ká. Owó tí ó ń dé ọwọ́ àgbẹ̀ ga sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò mọ kòkó rárá rọ́ wọ inú òwò náà nítorí owó ilẹ̀ òkèèrè tí ó ń mú wá. Àti tútù àti gbígbẹ ni wọ́n ń kó pọ̀, iye kan náà ni wọ́n sì ń san. Iṣẹ́ yíyẹ kòkó wò kò parẹ́ lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, síbẹ̀ kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà òkè òkun fi bẹ̀rẹ̀ sí í dín owó kòkó Nàìjíríà kù. Gánà kò tú ìgbìmọ̀ tirẹ̀ ká, owó tiwọn sì ń lé lórí ti ọjà.

Ìwé ẹ̀rí ISO 9001, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 1987, yàtọ̀ díẹ̀ sí òǹtẹ̀ kòkó. Ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ ń gbà ṣe iṣẹ́ ni ó ń yẹ̀ wò, kì í ṣe ìgò kọ̀ọ̀kan tí ó ń jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun tí ó mú òǹtẹ̀ kòkó lérè náà ni yóò mú ìwé yìí lérè: kí ọ̀bẹ la hóró ní tòótọ́, kí ẹni tí ń rajà sì san owó tí ó yàtọ̀ fún èyí tí ó dára.

Ẹ wá fi ara yín sípò àgbẹ̀ kan. Ọjọ́ kẹta rèé tí ẹ ti sá kòkó, òjò sì ń ṣú. Olówò kan dé pẹ̀lú owó lọ́wọ́, ó ní òun yóò gbé e bẹ́ẹ̀. Èló ni kí ẹlòmíràn fi lé e lọ́jọ́ kẹfà, kí ẹ tó lè sọ fún un pé kí ó máa lọ?