Ìlú Takayama àti Àwọn Gbẹ́nàgbẹ́nà Hida

Ní àárín gbùngbùn Honshu, èyí tí ó tóbi jù lọ nínú àwọn erékùṣù ilẹ̀ Jàpáànì, ni ilẹ̀ kan wà tí a ń pè ní Hida. Òkè ni ó yí i ká. Àwọn òkè tí ó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀ ga ju 3,000 mítà lọ, yìnyín sì máa ń bò wọ́n fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Láàárín àwọn òkè wọ̀nyí, nínú àfonífojì kan tí ó fi nǹkan bí 570 mítà ga ju ojú òkun lọ, ni ìlú Takayama tẹ̀dó sí. “Òkè gíga” ni ìtumọ̀ orúkọ náà, orúkọ náà sì ro ìlú. Odò Miyagawa la àárín ìlú kọjá, ó ń ṣàn lọ sí àríwá títí omi rẹ̀ fi dé Òkun Jàpáànì. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá rìn díẹ̀ sí gúúsù, yóò dé orí òkè Miya níbi tí omi ti pínyà: òjò tí ó bá rọ̀ sí ẹ̀yìn òkè náà, Òkun Pàsífíìkì ni omi rẹ̀ ń bá lọ.

Ní ọdún 2005 ni a pa ìlú kéékèèké àti abúlé mẹ́sàn-án pọ̀ mọ́ Takayama. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀ rẹ̀ ti tó 2,177 kìlómítà onígun mẹ́rin, kò sì sí ìlú mìíràn ní Jàpáànì tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, igbó ni ó gba ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ilẹ̀ yìí lọ, àwọn ènìyàn tí a sì kà níbẹ̀ ní ọdún 2020 kò fi púpọ̀ ju 84,000 lọ. Ẹni tí ó bá pè é ní ìlú kékeré kò purọ́, ẹni tí ó bá sì pè é ní ìlú ńlá kò ṣìnà.

Ibi tí òkè àti òtútù bá ti pọ̀ tó báyìí, oko ìrẹsì kì í gbilẹ̀. Láti inú èyí ni ìtàn Hida ti ṣẹ̀ wá. Ohun tí ilẹ̀ náà ní ni igi, àti ọwọ́ tí ó mọ igi í lò. Àwọn aláṣẹ tí ń gbé ọ̀nà jíjìn kò sì yé wá ọ̀nà tí wọn yóò fi gba méjèèjì.

Nígbà tí olú-ìlú Jàpáànì wà ní Nara, ìjọba ọba ṣe àkójọ òfin kan tí a mọ̀ sí òfin Yoro. Ọdún 718 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó, ó sì di òfin à-ń-lò ní ọdún 757. Òfin yìí ya Hida sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ilẹ̀ yòókù. Ó ní kí àwọn ará Hida má san owó-orí tí a ń fi aṣọ àti irè ilẹ̀ san. Dípò rẹ̀, kí agboolé àádọ́ta kọ̀ọ̀kan máa yan gbẹ́nàgbẹ́nà mẹ́wàá ránṣẹ́ sí olú-ìlú, kí a fún mẹ́rin mẹ́rin nínú wọn ní ẹnì kan tí yóò máa dáná fún wọn, kí a sì máa pààrọ̀ wọn lọ́dọọdún. Àwọn tí ó kù nílé ni yóò máa dá ìrẹsì tí wọn yóò jẹ. Ènìyàn gan-an, nígbà náà, ni Hida fi ń san owó-orí.

Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ṣiṣẹ́ lára ààfin àti tẹ́ḿpìlì, ní Nara àti lẹ́yìn náà ní Kyoto, òkìkí wọn sì kàn tó bẹ́ẹ̀ tí “gbẹ́nàgbẹ́nà Hida” fi di oríkì fún ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dá nínú iṣẹ́ igi. Àwọn ará Takayama òde òní ń fi orúkọ náà yangàn, wọ́n sì jàre. Ṣùgbọ́n ìhà kejì ọ̀rọ̀ náà wà nínú àṣẹ kan tí ìjọba pa ní ọdún 834, pé kí a wá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Hida tí ó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àṣẹ náà fi kún un pé ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìrísí àwọn ará Hida yàtọ̀ sí ti àwọn ilẹ̀ mìíràn, pé bí wọ́n tilẹ̀ yí orúkọ padà, a ó dá wọn mọ̀. Bí iṣẹ́ náà bá dùn tó bí ìtàn ti ń sọ ọ́, kí ni ó lé wọn?

Ní ọdún 1585, Kanamori Nagachika, jagunjagun tí ó ti sin Oda Nobunaga kí ó tó sin Toyotomi Hideyoshi, ṣẹ́gun Hida. Ní 1588 ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé olódi sórí òkè kan, ó sì tẹ ìlú sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó fi àwọn jagunjagun sí ibi gíga, ó fi àwọn oníṣòwò sí òpópónà mẹ́ta tí ó gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, ó sì to àwọn tẹ́ḿpìlì sí òkè ìlà-oòrùn, ní àfarawé Kyoto. Ìran mẹ́fà nínú ìdílé rẹ̀ ni ó jọba níbẹ̀. Ní 1692, ìjọba àwọn Tokugawa ṣí wọn nípò lọ sí Dewa ní àríwá, ó sì sọ Hida di ti ara rẹ̀. Ní 1695 ni a wó ilé olódi náà. Igbó Hida àti ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé ó wọ ìjọba lójú.

Láti ìgbà náà lọ, ajẹ́lẹ̀ láti Edo ni ó ń ṣàkóso. Ilé ìjókòó wọn ṣì dúró ní Takayama, òun nìkan ṣoṣo ni irú rẹ̀ tí ilé rẹ̀ gan-an ṣẹ́kù ní gbogbo Jàpáànì. Àwọn àlejò a máa yin bí igi rẹ̀ ti dán tó. Ó yẹ kí wọ́n rántí ẹjọ́ tí a dá nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní 1771, nígbà ajẹ́lẹ̀ tí ń jẹ́ Ōhara Hikoshirō, ìjọba dá igi gígé dúró nínú igbó Hida. Igi gígé yìí ni àwọn ará abúlé orí òkè fi ń jẹun. Ìrúkèrúdò bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì kọlu ilé àwọn oníṣòwò. Ní 1773, ajẹ́lẹ̀ náà pàṣẹ kí a tún gbogbo oko wọ̀n kí owó-orí lè pọ̀ sí i. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ péjọ sí ojúbọ Minashi ní Miya. Àwọn ọmọ-ogun láti ilẹ̀ ìtòsí dé, wọ́n sì yìnbọn fún wọn. Nínú àwọn aṣíwájú tí a pa ní 1774 ni Zenkurō ará Hongō, ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ōhara ní tirẹ̀ gba oyè tí ó ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ní 1777, ọmọ rẹ̀ Kamegorō sì jẹ ajẹ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò dákẹ́. Wọ́n gbé ẹ̀sùn lọ bá àwọn aṣojú tí Edo rán wá wo ìlú, ní 1789 a sì lé Kamegorō lọ sí erékùṣù Hachijō. Ọdún méjìdínlógún ni ìjà náà gbà, bí ọjọ́ orí Zenkurō.

Nígbà tí ìjọba àwọn Tokugawa wó ní 1868, gómìnà tuntun tí ń jẹ́ Umemura Hayami dé pẹ̀lú àtúnṣe tí ó yá jù. Lọ́dún kejì ni ìlú dìde sí i. Ní 1876 ni a fi Hida sábẹ́ Gifu, níbi tí ó wà títí dòní.

Owó àwọn oníṣòwò ni ó wá ń ra iṣẹ́ ọwọ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà. Lẹ́yìn iná ńlá ti 1875, ìdílé Kusakabe tún ilé wọn kọ́ ní 1879, pẹ̀lú àwọn òpó àti ìtì igi gbàgede tí a kò fi àjà bò mọ́lẹ̀. Owó wọn náà ni ó ṣe àwọn yatai, kẹ̀kẹ́ gíga tí a gbẹ́ lọ́nà tí a sì fi wúrà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, tí a ń fà jáde nígbà ọdún ìbọ ní oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá. Mẹ́tàlélógún ni wọ́n, UNESCO sì ka ọdún náà mọ́ àwọn ogún àjogúnbá aráyé ní 2016.

Àwọn tálákà kò ní irú ohun bẹ́ẹ̀ láti tà. Àwọn ọmọbìnrin wọn, tí àwọn mìíràn kò ju ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá lọ, ni wọ́n ń rán lọ sí ilé-iṣẹ́ òwú sẹ́dà ní Okaya. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gba orí Nomugi kọjá, 1,672 mítà sókè, nínú yìnyín. Wọn a sì padà ní òpin ọdún pẹ̀lú owó iṣẹ́ wọn. Ní 1968, Yamamoto Shigemi tẹ ìwé kan jáde nípa wọn, láti inú ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́ lẹ́nu ọgọ́rọ̀ọ̀rún arúgbó tí ó ti rin ọ̀nà náà.

Rélùwéè dé Takayama ní 1934. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé, ní 1920, àwọn ọkùnrin méjì kan ti ìhà Osaka wá, wọ́n mọ bí a ti ń fi ooru omi gbígbóná tẹ igi ṣe àga. Igi buna pọ̀ nínú igbó Hida, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó kà á sí ju igi ìdáná lọ. Ilé-iṣẹ́ kan dìde lọ́dún náà láti fi í ṣe àga, ní ilẹ̀ tí orí ẹní ni gbogbo ènìyàn ń jókòó sí, ó sì ń ṣe àga ní Takayama títí di òní.