Ibo La Ó Kọ́lé Sí? Ẹ̀kọ́ Lára Àwọn Ìlú Tó Dìde Àtàwọn Tó Rọ̀

 

Láàárín oṣù méjì sẹ́yìn, ó lé ní ènìyàn márùn-ún nínú ìjọ wa tó ti dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn pẹ̀lú ìbéèrè kan náà: "Pásítọ̀, ìlú wo ló ń gòkè bọ̀ báyìí? Ibo la ti lè ra ilẹ̀ kó tó wọ́n?" Ẹnì kan ní Suleja lòun ń wò. Òmíràn ní Kuje ni. Ìyá wa kan ní ẹ̀bá ọ̀nà Ìbàdàn lòun máa rà sí, kóun lè sún mọ́ ilé. Bàbá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ní kí wọ́n sáà bá òun wá ibi tí owó ìfẹ̀yìntì òun máa ká. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wa, ká lè jọ rò ó. Owó ilé kì í ṣe owó ọjọ́ kan. Fún ẹlòmíràn, iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn, nítorí àwa kọ́ la kọ́kọ́ máa yan ìlú. Nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́ Ilé àti ọ̀pọ̀ ìlú Ẹ̀gbá ká, kò sẹ́ni tó ń bèèrè iye tí ilẹ̀ máa tà lọ́dún márùn-ún sí i. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé, ibo ni ọ̀tá ò ti ní lè dé ọ̀dọ̀ wa? Bẹ́ẹ̀ làwọn Ẹ̀gbá ṣe bá Ṣódẹkẹ́ lọ sábẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830. Ìbàdàn ní tiẹ̀, ibùdó ọmọ ogun ni ní nǹkan bí 1829. Ẹni tó bá kọjá níbẹ̀ nígbà yẹn, tó rí àwọn jagunjagun nínú àgọ́, kò ní sọ pé ìlú ńlá nìyí. Ààbò làwọn baba wa fi yan ibẹ̀, ọjà àti oko ló wá sọ ọ́ di ìlú.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ ojú irin dé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ láti Èkó lọ́dún 1896. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, Òṣogbo ní 1907, Jẹ́bà ní 1909. Ibi tí rélùwéè bá ti dúró, ọjà á là níbẹ̀, àwọn èèyàn wa láti Ọ̀fà, Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ á sì gbé ẹrù tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ka ìwé yìí ní Minna, ojú irin yẹn ló gbé bàbá tàbí bàbá àgbà wa dé ìhín.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ìlú mẹ́ta tó wà lápá ọ̀dọ̀ wa níbí.

Àkọ́kọ́ ni Zungeru. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, Lọ́kọ́ja ni Lugard ti gbé àsíá òyìnbó sókè lórí ìhà Àríwá. Wọ́n ti ibẹ̀ lọ sí Jẹ́bà, nígbà tó sì di 1902, Zungeru di olú ìlú. Ẹ fojú inú wò ó: odò Kaduna ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú irin kékeré kan gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ sí èbúté Barijuko, akọ̀wé, ọmọ ogun, káfíńtà àti oníṣòwò ń ya wọ̀ ọ́ láti ibi gbogbo. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bí Nnamdi Azikiwe lọ́dún 1904, torí pé iṣẹ́ ìjọba ló gbé bàbá rẹ̀ débẹ̀. Ká ní ẹnì kan bi àwọn ará ìgbà náà pé ìlú wo ló ń gòkè bọ̀, ta ló máa dárúkọ òmíràn? Àmọ́ Lugard tún ti lọ yan ilẹ̀ Kaduna. Ní nǹkan bí ọdún 1916 sí 1917, ìjọba palẹ̀ mọ́ kúrò ní Zungeru. Gbogbo ògo yẹn kò ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Èkejì ni Minna tiwa yìí. Kò sí gómìnà kankan níbí nígbà yẹn. Ohun tó wà níbí ni pé ojú irin méjì pàdé: èyí tó ń bọ̀ láti Baro lọ sí Kano, àtèyí tó ń bọ̀ láti Èkó. Ẹrù ń sọ̀, ẹrù ń gùn. Ọjà dé, ilé ìwé dé, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí dé. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Niger sílẹ̀ lọ́dún 1976, Minna ni wọ́n fi ṣe olú ìlú. Ní 1983, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ tún dé. Ẹ rí ìyàtọ̀ náà bí? Ìjọba nìkan ni Zungeru fi ẹ̀yìn tì. Nígbà tí ìjọba dìde, ó ṣubú. Minna ní ojú irin, ó ní ọjà, ó wá ní ìjọba àti ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin wá di èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ lọ mọ́, ìlú kò kú. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù.

Ẹ̀kẹta ni Baro. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ojú irin Kano lọ́dún 1907, kí ọkọ̀ ojú omi lè kó ẹrù gba odò Ọya wọ òkun. Nígbà tí ojú irin Èkó dé Minna, ẹrù wá ọ̀nà tó yá jù lọ, Baro sì rọ̀. Lóṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Buhari wá ṣí èbúté tuntun níbẹ̀, inú gbogbo wa dùn. Ṣùgbọ́n títì tó yẹ kí ọkọ̀ akẹ́rù gbà débẹ̀ kò tíì sí nígbà yẹn, èbúté náà sì jókòó láìríṣẹ́ ṣe. Ẹ̀yin ará, ìkéde kì í ṣe ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó rẹ̀ tẹ̀lé ìkéde, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá títì ti débẹ̀.

Mo sọ èyí nítorí pé ó kàn mí. Bàbá mi ṣiṣẹ́ rélùwéè títí ó fi fẹ̀yìn tì, Kafanchan ló sì kọ́lé sí. Kò ṣìwèrè. Kafanchan ni ojú irin tó ń bọ̀ láti Port Harcourt ti pínyà, ọ̀kan sí Jos, ọ̀kan sí Kaduna. Nígbà tí mo wà ní kékeré, fèrè ọkọ̀ kì í jẹ́ ká sùn. Bàbá mi á ní, "Níbi tí fèrè bá ti ń dún, owó ń bẹ níbẹ̀." Lẹ́yìn náà ni ìjà ẹ̀sìn ọdún 1987 ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ń dín kù díẹ̀díẹ̀, títí fèrè fi dákẹ́. Nígbà tí àìsàn dé, tí a fẹ́ ta ilé náà fi tọ́jú bàbá, owó tí wọ́n dá lé e kò tó ti páànù orí rẹ̀. Bàbá ní ká má tà á. Ó kú sínú rẹ̀.

Ẹ óò rò pé èmi ọmọ rẹ̀ á ti kọ́gbọ́n. Lọ́dún 2011, dílálì kan mú èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi kan lọ sí ẹ̀bá Àbújá. Ó ní títì ńlá ń bọ̀ níbẹ̀. Òótọ́ ló sọ o! Títì náà ń bọ̀ lóòótọ́. Orí ilẹ̀ tí mo rà gan-an ló ti máa kọjá. Ìwé tó kó fún mi kò sì sí nínú àkọsílẹ̀ ìjọba rárá. Owó tí èmi àti ìyàwó mi fi ọdún mẹ́ta tọ́jú ló lọ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi kò bínú, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Ṣé ẹ bi àwọn tó ń gbé àdúgbò yẹn ni?" Mi ò bi wọ́n. Dílálì nìkan ni mo bi.

Àbújá fúnra rẹ̀ lè kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń yan ìlú. Lóṣù kẹjọ ọdún 1975, ìjọba Murtala Muhammed gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wá olú ìlú tuntun. Adájọ́ Akínọlá Aguda ni alága; Tai Ṣólàárín wà níbẹ̀, àlùfáà Kátólíìkì kan, Pedro Martins, náà wà níbẹ̀. Wọn ò bèèrè ìlú tó lókìkí. Wọ́n bèèrè pé: ṣé omi wà? Ṣé ojú ọjọ́ dára fún ara? Ṣé ilẹ̀ tó, ṣé ó gba ìpìlẹ̀, ṣé omi òjò máa rí ọ̀nà ṣàn lọ? Ṣé a lè gba ọ̀nà púpọ̀ débẹ̀? Ṣé ààbò wà, ṣé ẹ̀yà gbogbo lè jọ gbé níbẹ̀? Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 1976, wọ́n ti mú ibì kan. Wọ́n mú orúkọ ìlú Abuja àtijọ́, wọ́n fi sọ olú ìlú náà, ìlú àtijọ́ yẹn sì di Suleja. Ìjọba kò kó lọ síbẹ̀ pátápátá títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó lé! Ẹni tó bá ń ra ilẹ̀ síbi tó "ń gòkè bọ̀", kó bi ara rẹ̀ bóyá òun lè dúró tó bẹ́ẹ̀.

Kí dídúró náà má sì ṣe mú wa gbàgbé ibi tí a ti wá. Lóṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà ní kí àwọn àjòjì tí kò níwèé gbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ẹ̀jìgbò àti Ṣakí ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣòwò níbẹ̀, àwọn mìíràn ti kọ́lé. Wọ́n fi ilé sílẹ̀, wọ́n gbé ọmọ. Mi ò sọ pé kí ẹ̀rù bà yín láti kọ́lé síbí. Àwa kì í ṣe àjòjì ní orílẹ̀-èdè wa. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìwé ló ń gba ẹjọ́ onílé rò nígbà tí ẹnu bá dákẹ́.

Ìwé Mímọ́ náà kò ṣàì bá wa sọ ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́ọ̀tì gbé ojú sókè, ó rí pé pẹ̀tẹ́lẹ̀ Jọ́dánì lómi, ó yàn án. Kò bèèrè àwọn tí òun máa bá ṣe aládùúgbò, Sódómù sì wà níwájú. Ábúráhámù ní tiẹ̀ ra ilẹ̀ Mákípélà ní 400 ṣékélì fàdákà, lẹ́nu ibodè ìlú, níṣojú àwọn onílẹ̀, wọ́n sì ka pápá náà, ihò inú rẹ̀ àti igi ààlà rẹ̀ mọ́ ọn. Jeremáyà ra oko Ánátótì ní ṣékélì 17 nígbà tí ogun Bábílónì ká ìlú mọ́. Ìgbàgbọ́ ló fi rà á, síbẹ̀ ó pe ẹlẹ́rìí, ó ṣe ìwé méjì, ó ní kí Bárúkù kó wọn sínú ìkòkò kí wọ́n lè pẹ́. Ẹ rí i pé ìgbàgbọ́ Jeremáyà kò ní kó má ṣe ìwé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ bi mí, èsì mi rèé. Mi ò ní dárúkọ ìlú fún yín. Ẹ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kẹ́ẹ wo kànga, lẹ́ẹ̀kan nígbà òjò kẹ́ẹ wo ọ̀nà. Ẹ ka ààrò tí ìlú náà jókòó lé: bó bá jẹ́ ọ̀kan péré, ẹ ṣọ́ra. Ẹ bi ìyá tó ń ta àkàrà ládùúgbò náà kẹ́ẹ tó bi dílálì, kẹ́ẹ sì kí Mai Unguwa. Láti ọdún 1978 ni òfin ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, torí náà, ẹ mú awọnlẹ̀ àti lọ́yà tiyín lọ yẹ ìwé wò ní ọ́fíìsì ilẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ má fi gbogbo owó ìfẹ̀yìntì sórí ilẹ̀. Alààyè ló ń gbélé. Kẹ́ẹ sì ra ibi tí ẹ lè gbé, tí ẹ sì lè sìn Ọlọ́run, bí iye rẹ̀ kò bá tilẹ̀ fi náírà kan gòkè mọ́.

Ní ti ilé Kafanchan, àbúrò mi obìnrin ló wà níbẹ̀ báyìí pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Kò lówó lórí, àmọ́ kò jò, ìwé rẹ̀ sì pé. Kò sẹ́ni tó lè lé wọn jáde. Mo ti wá rí i pé bàbá mi kò ṣòfò tó bí mo ṣe rò.

Olúwa yóò fi ẹsẹ̀ wa lélẹ̀ síbi tó tọ́. Àmín.