Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí láti ọjọ́ kan. Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024. Mo wà nílé ní Ìgbàrà-Odò Èkìtì, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà mi, mò ń kọ prógíráàmù kan tí yóò máa tọ́jú àkọsílẹ̀ àpò kòkó fún àwọn àgbẹ̀. Gbogbo ohun tí prógíráàmù náà bá gbọ́ ló yẹ kó kó lọ sínú ẹ̀rọ kan lókè òkun. Kò lọ. Mo tún un ṣe, kò lọ. Mo bọ́ síta, mo na fóònù sókè bí ẹni ń fi han òṣùpá. Pàbó!

Mo kọ́kọ́ rò pé ìṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìlú wa ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé abúlé rí mọ ohun tí mò ń sọ. Àṣé ọ̀rọ̀ náà ju ti Ìgbàrà-Odò lọ. Wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin ló bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí etíkun Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Báńkì ní Èkó ń kérora, Ghana ń kérora, ó sì gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Kì í sì í ṣe àkọ́kọ́. Ní oṣù keje 2009, nígbà tí SAT-3 nìkan bàjẹ́, ọ̀pọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà ló bá a lọ.

Mo wá bi ara mi pé: ṣé ẹni tó bá wà ní Ìgbàrà-Odò kò wá ní lè kọ́ iṣẹ́ yìí ni, àfi tó bá kó lọ sí Èkó? Ìbéèrè yẹn ló gbé mi wọnú ìtàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Cloud tí wọ́n ń pariwo kì í ṣe ìkùukùu ojú ọ̀run. Kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà ni, tó wà nínú ilé ńlá níbì kan, tí a ń yá lò, tí a sì ń sanwó iye tí a bá lò bí ẹni ń sanwó iná. Amazon ṣí S3, ibi ìkófáìlìsí, ní oṣù kẹta 2006. Nígbà yẹn kò sí irú ilé bẹ́ẹ̀ tiwọn kankan nílẹ̀ Áfíríkà. Ọdún 2019 ni Microsoft ṣí tiwọn ní South Africa, Amazon tẹ̀ lé e ní Cape Town ní 2020, Google ní Johannesburg ní 2024. Dọ́là ni wọ́n sì ń ka owó wọn sí. Láti oṣù kẹfà 2023 tí Báńkì Àgbà ti tú náírà sílẹ̀ kó máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú wa rí.

A kì í sì í ṣàdédé bá ẹ̀rọ wọ̀nyí sọ̀rọ̀. Ìránṣẹ́ kan wà láàárín tí wọ́n ń pè ní client library. Ìwọ á sọ fún un pé, "Bá mi tọ́jú fáìlì yìí," òun á kọ lẹ́tà náà bí Amazon ṣe fẹ́ ẹ, á gbé e lọ, á sì gba èsì bọ̀. Boto ni orúkọ ìránṣẹ́ tí àwa tó ń lo Python ń rán sí Amazon. Ẹ fi ìránṣẹ́ yìí sọ́kàn o, torí òun ni ọgbọ́n náà rọ̀ mọ́.

Ọgbọ́n wo? Kí ẹ̀rọ kan máa ṣe bí ẹ̀rọ mìíràn. Ó ti pẹ́. Ìkànìyàn 1962 sí 1963 ló gbé kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ wọ Nàìjíríà. Láàárín ọdún díẹ̀ yẹn náà ni IBM ní Amẹ́ríkà ń ṣe ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n pè ní System/360, tí wọ́n kéde ní oṣù kẹrin 1964. Ìṣòro kan wà: àwọn oníbàárà wọn ti kọ prógíráàmù jọ fún ẹ̀rọ àtijọ́, irú bíi 1401, ta ló fẹ́ da gbogbo iṣẹ́ yẹn nù? IBM bá fi ohun kan sínú ẹ̀rọ tuntun tó ń jẹ́ kó lè ṣe bí àtijọ́. Emulator ni wọ́n pè é.

Nígbà tí ayé cloud dé, ọgbọ́n yẹn yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ tuntun ló ń ṣe bí àtijọ́. Ní báyìí, ẹ̀rọ kékeré orí tábìlì ló ń ṣe bí ẹ̀rọ ńlá òkè òkun. Nígbà tí Google gbé App Engine jáde ní oṣù kẹrin 2008, wọ́n fún àwọn akọ́kóòdù ní irinṣẹ́ tó ń ṣe bíi rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà tiwọn. Ní 2013, Steve Pulec gbé moto síta, Amazon fúnra wọn sì gbé DynamoDB Local jáde lọ́dún yẹn kan náà. Ní 2017, LocalStack jáde láti ilé iṣẹ́ Atlassian.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́. Moto máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí ìránṣẹ́ bá ti fẹ́ gbé lẹ́tà jáde, á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á sì fún un lésì bí ẹni pé Amazon ló fèsì. Ti LocalStack yàtọ̀: àdírẹ́sì orí lẹ́tà la máa yí padà, kí ìránṣẹ́ má lọ sókè òkun mọ́, kó yà sínú ilé tí a kọ́ sínú kọ̀ǹpútà wa níbí. Nínú méjèèjì, kóòdù tí a kọ kò yí padà. Lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé, a dá àdírẹ́sì padà, ó tán.

Nígbà tí mo padà sí iléèwé, mo da moto sórí kọ̀ǹpútà mi. Nígbà tí mo tún wálé, mo jókòó ní Ìgbàrà-Odò láìsí dátà, láìsí dọ́là, prógíráàmù kòkó mi ń tọ́jú fáìlì, ó ń mú un jáde. Inú mi dùn dé ibi tó lágbára!

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo gbé e síwájú olùkọ́ mi, tí mo ní kó lọ bá cloud gidi, ó yarí. Mi ò fún un láṣẹ àtikọ nǹkan síbẹ̀. Moto kì í yẹ ìwé àṣẹ wò àfi tí a bá ní kó yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò sì sọ fún un. Ojú tì mí. DynamoDB Local náà ní tiẹ̀: òṣùwọ̀n iye iṣẹ́ tí a bá fi lélẹ̀ fún ẹ̀rọ gidi, òun kì í kà á sí. Ohun tó sì wà nínú moto, bí prógíráàmù bá ti parí, ó ti lọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà wá rán mi létí àwọn ọmọ iṣẹ́ aránṣọ. Ọ̀gá kì í fún ọmọ tuntun ní léèsì oníbàárà. Bébà sìmẹ́ǹtì ló fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé ọrùn, bí wọ́n ṣe ń gé apá. Bó bá bà á jẹ́, kò sẹ́ni tó máa pariwo. Àmọ́ bébà kì í fà, kì í sì í tú létí. Ọjọ́ tí ọmọ náà bá kọ́kọ́ gé léèsì, yóò rí ohun tí bébà kò sọ fún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ wá láti ìlú kéékèèké bíi tèmi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ yìí kò ṣeé kọ́ lábúlé. Ká gúnyán nínú ewé, ká sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Ẹ kọ́ ọ nílé, ẹ bà á jẹ́ nílé, ẹ tún un ṣe nílé. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé e síwájú olùkọ́ tàbí oníbàárà, ẹ wá ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ẹ dán an wò lójú ibi gidi lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán. Èmi tí mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ ni mò ń sọ fún yín.