Wàrà: Láti Gáà Fúlàní Dé Ọjà Mile 12

Ọ̀rọ̀ wàrà ni a mú wá lónìí. Ẹni tó bá ń ná ọjà Mile 12 àti Ketu mọ̀ ọ́n, yálà funfun nínú omi rẹ̀ tàbí èyí tí wọ́n ti dín. Àwọn kan rò pé òyìnbó ló mú ṣíìsì wá. Wàrà yìí ni ṣíìsì tiwa, ó sì ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Nígbà tí Clapperton àti Lander gba Badagry lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé láàárín 1825 sí 1826, wọ́n bá Fúlàní darandaran nílẹ̀ Yorùbá. Láti gáà wọn ní agbègbè Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìsẹ́yìn àti Ṣakí ni àwọn obìnrin wọn ti ń gbé wàrà wọ ọjà. Ọkọ ló ń da màlúù, ìyàwó ló ń ta wàrà. Owó rẹ̀ ló fi ń ra ọkà àti iyọ̀.

Kí ló dé tí wọn kò ta mílíìkì bẹ́ẹ̀? Oòrùn ni. Èyí tí a fún láàárọ̀ lè ti kan kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n á gbé e kaná títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á da oje bomubomu díẹ̀ sí i. Ẹ jọ̀wọ́, díẹ̀ ni mo wí: bó bá pọ̀ jù, wàrà á korò, oje náà kò sì gbọdọ̀ kán séèyàn lójú. Wọ́n á wá jẹ́ kó hó dáadáa. Bó bá ti dì, wọ́n á kó o sínú agbọ̀n kékeré kí omi rẹ̀ ro. Ní Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní wàgàsì, wọ́n máa ń fi pòròpórò ọkà bàbà pa á láró pupa.

Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dé Nàìjíríà ní 1935, àwọn àgbẹ̀ kòkó sì tètè jàǹfààní rẹ̀. Kòkó gbígbẹ lè dúró de mọ́tò. Mílíìkì ò lè dúró. Ìdí nìyẹn tí obìnrin kọ̀ọ̀kan fi ń se tirẹ̀ lórí ààrò tirẹ̀. Ní 2010, iléeṣẹ́ FrieslandCampina WAMCO bẹ̀rẹ̀ ètò ríra mílíìkì lọ́wọ́ àwọn Fúlàní ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n ní 1988, Ann Waters-Bayer ti kọ ọ́ nínú ìwádìí rẹ̀ láàárín gbùngbùn Nàìjíríà pé àwọn obìnrin ló ni iṣẹ́ mílíìkì. Bí ẹgbẹ́ bá wá kọ orúkọ ọkọ nìkan sínú ìwé, ta ni yóò gba owó? Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bi ara rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ó rántí ìparí oṣù kejì 2021, nígbà tí àwọn oníṣòwò dá oúnjẹ àti màlúù dúró lókè Ọya, tí ọjà wọ́n gógó ní Mile 12. Òkè-Ògùn sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ tó bá lè bá àwọn obìnrin gáà ṣe àdéhùn, tó sì ní kúlà àti mọ́tò tó ń tètè gbéra, lè rí wàrà tuntun gbà.

Ẹ̀yin tó ń rà á, ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bó bá kan, ẹ fi sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ tún un bọ̀ nínú omi oníyọ̀. Bẹ́ ò bá ní dín in lọ́jọ́ náà, ẹ máa bọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.