Ta Ló Ní Ìjẹ̀bú Kì Í Ṣe Ará Omi?

Oṣù Kejìlá ni, ọyẹ́ ń ya ètè, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà lókè òkun sì ti wálé. Lábẹ́ àtíbàbà òde kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, arákùnrin kan tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé ń ròyìn ọ̀gá rẹ̀ fún wa. Bí òtútù bá ti mú níbẹ̀ báyìí, ọ̀gá náà á gba Karíbíà lọ, á wọ ọkọ̀ ojú omi tirẹ̀, èyí tó ní yàrá àti ilé ìdáná tó sì ní ẹ́ńjìnnì ńlá méjì nídìí, á máa ti erékùṣù kan bọ́ sí òmíràn títí di oṣù Kẹrin. Bàbá kan tó jókòó tì wá mirí. "Ẹ jẹ́ kí òyìnbó máa ṣe tiwọn. Àwa Ìjẹ̀bú, orí ilẹ̀ la wà. Kí la mọ̀ nípa omi? Ìlàjẹ àti Ìjọ ló ni ìyẹn."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. N kò bá bàbá jiyàn. Àgbà ni wọ́n, àwo ẹran sì ti dé. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ni ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé ju bàbá lọ.

Lára àwọn ìwé tó pẹ́ jù lọ tó dárúkọ Ìjẹ̀bú, ọwọ́ atukọ̀ ni ọ̀kan ti wá. Duarte Pacheco Pereira, ará Pọtogí, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Esmeraldo de Situ Orbis ní 1505. Ó júwe ẹnu ọ̀sà Èkó: iyanrìn dí i, ìgbì ń fọ́ lé e lórí ní èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún, ọkọ̀ kékeré tó lè gba ẹrù 30 sí 35 tọ́ọ̀nù nìkan ló sì lè gba ibẹ̀ kọjá. Ó ní bí èèyàn bá ti wọlé tán, omi á fẹ̀, bó bá sì rìn tó lígì 12 tàbí 13 sókè, á kan ìlú ńlá kan tí yàrà gìrìwò yí ká. Geebuu ló pe ìlú náà, Agusale ló pe ọba rẹ̀. Ẹni tó bá pe orúkọ kejì yẹn sókè á gbọ́ Awùjalẹ̀, oyè ọba Ìjẹ̀bú, nínú rẹ̀ dáadáa. Ó tún sọ ohun tí wọ́n ń rà níbẹ̀: eyín erin díẹ̀, àti ẹrú, tí wọ́n ń fi ẹ̀gbà idẹ 12 sí 15 ra ẹyọ kan. Omi ni ọkùnrin yìí gbà júwe Ìjẹ̀bú fún ayé.

Mo gbọ́dọ̀ gbè bàbá lẹ́yìn níbì kan o. Bó bá jẹ́ òkun ni wọ́n ń pè ní omi, wọn kò ṣìnà púpọ̀. Láti ẹnu odò Volta títí dé ẹnu odò Ìbíní, etíkun wa ṣe gbọọrọ bí okùn tí wọ́n nà. Ìṣàn òkun ń wọ́ iyanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, ó ń dí ẹnu omi pa, ìgbì sì ń fọ́ létí ilẹ̀ láìsinmi. Kò sí erékùṣù nínú òkun ibẹ̀ tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ lè sá pamọ́ sí. Ẹni tó bá ń wá erékùṣù á lọ jìnnà dé São Tomé tàbí Bioko. Ti Karíbíà yàtọ̀. Erékùṣù ibẹ̀ sún mọ́ra, ìjì líle tó ń jà láti oṣù Kẹfà títí di oṣù Kọkànlá á sì ti rọlẹ̀ nígbà tí òtútù bá ń lé àwọn olówó kúrò nílé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń rọ́ lọ síbẹ̀ lásìkò náà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn iyanrìn yẹn gan-an ni omi wa wà. Ọ̀sà ni. Ọkọ̀ àjẹ̀ tó bá ṣí ní Àgbádárìgì lè dé Èkó, kó kọjá Èpé, kó wọ ọ̀sà Lẹ́kì, kó tọ ojú omi tóóró ilẹ̀ Ìlàjẹ dé odò Ìbíní, láìtọ́ omi òkun wò. Ẹni tó bá ń wá ọkọ̀ Ìjẹ̀bú lójú agbami kò ní rí i. Àárín ọ̀nà ọ̀sà yìí ni àwọn Ìjẹ̀bú wà láyé àtijọ́, wọ́n sì ń gba owó ibodè lórí rẹ̀.

Ẹ̀jìnrìn ni ọjà ńlá tí Ìjẹ̀bú àti Èkó ti ń pàdé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Èpé, Àgbọ̀wà àti Ìkòròdú náà jẹ́ èbúté. Kí ìgbà yẹn tó dé ni aṣọ Ìjẹ̀bú, èyí tí àwọn obìnrin ń hun lórí òfì ìdúró, ti ń wọ ọkọ̀. John Adams, ọ̀gá ọkọ̀ òyìnbó tó ṣòwò létíkun wa ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, rí i ní Èkó pé wọ́n ń kó aṣọ náà lọ títí dé Brazil. Lápá ìlà oòrùn, àwọn ìjòyè Ìjọ ń tọ́jú aṣọ Ìjẹ̀bú sínú àpótí fún ètùtù àti ìsìnkú. Ìjẹ̀bú náà kò sì padà lọ́wọ́ òfo: eégún Agbó, tí àwọn kan ń pè ní Màgbó, ní ère igi tó dùbúlẹ̀ kọjú sókè bí ohun tó ń léfòó lójú omi, ọ̀nà àwọn Ìjọ sì hàn nínú rẹ̀ kedere. Ta ni yóò kọ́ ará ilẹ̀ gbígbẹ ní irú eégún bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí ìbọn òyìnbó lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní 1851, Èpé ló sá lọ, Awùjalẹ̀ ló sì gbà á sílẹ̀. Ọ̀sà ni ogun Gómìnà Carter náà gbà wọlé ní 1892: ọkọ̀ kó àwọn ọmọ ogun dé Èpé kí wọ́n tó fẹsẹ̀ rìn lọ bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmágbọn, ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún.

Níbo wá ni àṣìṣe yìí ti wọlé? Ọ̀pá ààlà ni mo fura sí. Láyé òyìnbó, Èpé àti Ìkòròdú bọ́ sábẹ́ Kọ́lọ́nì Èkó. Nígbà tí ìjọba ológun dá ìpínlẹ̀ 12 sílẹ̀ ní 1967, wọ́n bá Ìpínlẹ̀ Èkó lọ pẹ̀lú Ẹ̀jìnrìn àti Àgbọ̀wà, ní 1976 ni Ìjẹ̀bú-Òde sì bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọmọ ilé ìwé tó bá la máàpù lónìí á rí Ìjẹ̀bú-Òde láàárín igbó, èbúté rẹ̀ á sì wà nínú ìpínlẹ̀ ẹlòmíràn. Mótò tún wá sọ ọjà Ẹ̀jìnrìn di ìtàn.

Àwọn kan tó fẹ́ gbè mí lẹ́yìn ti sọ fún mi pé orúkọ wa gan-an tó ẹ̀rí, pé "ìjẹ ibú" ni. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀. Ìwé Samuel Johnson, tó parí ní 1897 tó sì jáde ní 1921, ló tan ìtumọ̀ náà kálẹ̀, pé ìran àwọn tí ọba Ìbíní fi bọ òkun ni Ìjẹ̀bú. Ìran Ọ̀yọ́ ni Johnson, ìjà lórí ọ̀nà tí Ìjẹ̀bú dí mọ́ àwọn ará òkè kò sì tíì tutù nígbà tó ń kọ̀wé. Nílé wa, Àjẹbú àti Olóde ni wọ́n ní wọ́n fún ìlú lórúkọ. Ìtumọ̀ orúkọ kò tó ohun tí èèyàn ń gbé lọ síwájú adájọ́, àgàgà èyí tó ní èébú nínú.

Ẹlẹ́rìí tí mo fẹ́ràn jù ni Òṣífẹ́kúndé. Mákùn ni wọ́n bí i sí, ní apá ibi tí à ń pè ní Ogun Waterside báyìí, ọ̀kan nínú ìwọ̀nba etí omi tó ṣẹ́ kù fún Ìjẹ̀bú nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn. Oníṣòwò ni. Ní 1820, ó kó ọjà sínú ọkọ̀, ó forí lé Máhìn, àwọn olè ojú omi tó jẹ́ Ìjọ sì mú un lọ́nà. Wọ́n tà á títí tó fi dé Brazil. Ó lò tó nǹkan bí ogún ọdún níbẹ̀ kí wọ́n tó mú un wá sí Paris, ọ̀mọ̀wé Faransé kan tó ń jẹ́ d'Avezac sì jókòó tì í láti 1839, ó ń bi í léèrè nípa ọ̀nà, ìlú, ọba àti èdè Ìjẹ̀bú. Ìwé náà jáde ní 1845. D'Avezac fẹ́ kí wọ́n rán an lọ sí Sàró, kó lè gba òmìnira. Ó kọ̀. Brazil ló ní òun fẹ́ padà sí, torí ọmọ òun wà níbẹ̀.