Ta Ni Yóò Bu Omi sí Bátìrì?

Ní sáà tó kọjá, àwa mẹ́fà tí a jọ ń gbé ilé kan dá owó jọ, a ra inverter àti bátìrì olómi méjì. Inú wa dùn pé a ó máa kàwé lóru láìwo ojú iná ìjọba. Kò pé oṣù mẹ́rin tí bátìrì fi kú. Baba tó ń tún bátìrì ṣe ṣí ìdérí rẹ̀, ó yọjú wò ó, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ìgbà wo lẹ bu omi sí i kẹ́yìn?" À ń wo ara wa lójú. Kálukú ti rò pé ẹlòmíràn ló ń ṣe é. Ìyẹn ló mú wa wá ìtàn nǹkan yìí lọ.

Gaston Planté, ará Faransé, ló ṣe irú bátìrì yìí ní 1859. Ó ká abala òjé pẹlẹbẹ méjì pọ̀, ó fi nǹkan là wọ́n láàárín kí wọ́n má baà kan ara wọn, ó sì rì wọ́n sínú ásíìdì. Òun ni bátìrì àkọ́kọ́ tí a lè gba iná sí padà bó bá tán. Títí di òní, ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò yí padà: òjé, ásíìdì, omi.

Ibi tí ìtàn náà ti kàn wá jù ni oko Amẹ́ríkà. Iná ti wà ní ìlú ńlá wọn, ṣùgbọ́n títí di nǹkan bí 1935, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá oko ni wáyà iná dé. Ní 1916, ilé iṣẹ́ kan ní Dayton, Ohio, gbé Delco-Light jáde: jẹnẹrétọ̀ kékeré pẹ̀lú ìgò bátìrì 16. Fóòtì 2 ni ìgò kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 32. Ọwọ́ àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ìtọ́jú ojoojúmọ́ rẹ̀ wà. Òun àti ará ilé rẹ̀ ló ń wo ojú omi nínú ìgò.

Ìdí ni pé bí bátìrì bá ń kún, iná a máa sọ omi inú rẹ̀ di gáàsì, gáàsì a sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Ásíìdì kì í lọ. Nítorí náà, omi là ń bù sí i, kì í ṣe ásíìdì. Bí òjé bá yọrí síta, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Bí a bá sì fi bátìrì sílẹ̀ láìgba iná sí i, iyọ̀ funfun a le mọ́ òjé lára.

Ní 1936, òfin iná ìgbèríko jáde, wáyà wọ oko, púpọ̀ nínú wọn sì pa ìgò tì. Ìtọ́jú iná di iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni àṣìṣe wa wà: a ra iná tiwa, ṣùgbọ́n à ń lò ó bí iná ìjọba.

Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. A ti ra òmíràn. Ìwé kan wà lára ògiri báyìí, orúkọ ẹnì kan ló wà níbẹ̀ fún Sátidé kọ̀ọ̀kan. Omi distilled nìkan là ń bù, lẹ́yìn tí bátìrì bá ti kún. A kì í bu omi kànga tàbí omi inú ọ̀rá, nítorí ohun tó wà nínú wọn ń ba òjé jẹ́. A kì í sì tan àbẹ́là nítòsí, torí gáàsì náà lè gbaná.

Orúkọ ta ló wà lára ògiri tiyín?