Eré Onítàn Lọ́wọ́ Ọmọdé

Inú eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1970, ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn. Níbẹ̀, kò lọ́mọ. Májèlé ni ó sì gbé jẹ. Ṣùgbọ́n ìwé ìtàn Samuel Johnson, tí ó jáde ní 1921, wí pé ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo kú lórí ìkúnlẹ̀, àti pé àwọn ẹrú rẹ̀ ni ó pa á ní 1874. Ṣé kí a wá gba eré náà lọ́wọ́ ọmọdé ni? Rárá o! Òun ni ó gbé orúkọ Ìyálóde dé etí ẹni tí kì bá tí ṣí ìwé Johnson láéláé. Kí olùkọ́ ṣáà ka ti Johnson tẹ̀ lé e, kí ọmọ lè béèrè ìdí tí òǹkọ̀wé fi gba ikú náà lọ́wọ́ àwọn ẹrú, tí ó fi í lé Ìyálóde fúnra rẹ̀ lọ́wọ́.